Gbohùngbohùn Tí Mi Ò Gbé Bọ̀ láti Dúálá

Ẹ̀yin ará Ìwó, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti dé o. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ ti ń wo ọwọ́ mi, tí ẹ ń wo báàgì mi, tí àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń bi mí tààrà pé, "Sàádátù, òun dà?" Kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí n mu omi, kí n wá sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, nítorí àròyé tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn onísitúdíò ẹlẹgbẹ́ mi ti pọ̀ jù, inú sì ti ń bí mi.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, agbohùnsílẹ̀ ni mí. Àwọn olórin wákà àti àwọn oníwàásù ló ń wá sọ́dọ̀ mi, èmi ni mo máa ń tún ohùn wọn ṣe kó tó jáde sígboro. Ọ̀gá Rájí ló kọ́ mi níṣẹ́. Nínú iṣẹ́ wa, ohun kan wà tí a kì í fi ṣeré, òun ni gbohùngbohùn. Yàrá kékeré tí a lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀ ni a ti ń gba ohùn sílẹ̀, ohùn tó bá sì ti ibẹ̀ jáde máa ń gbẹ bí gààrí tí kò rí omi. A ó wá fi gbohùngbohùn sí i, kó lè dà bí ẹni pé inú mọ́ṣáláṣí ńlá ni olórin dúró sí. Ètò kan nínú kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń tà á. Èyí tí gbogbo ayé ń yìn lásìkò yìí ni wọ́n ń pè ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀. A gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí sí Dúálá ló ṣe é. Kò sí ẹni tó ní i nínú wa.

Àwọn oníbàárà Ọ̀gá Rájí ti ń sá lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ohùn tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde jẹ́ ohùn ayé àtijọ́. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé Àǹtí Rìsìkátù, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Dúálá, ní kí n wá kí òun, ó pè mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúà, ó wá ní, "Bá mi mú gbohùngbohùn ọmọ yẹn bọ̀. Gbogbo wa la máa jọ lò ó."

Mímú tó ń wí yẹn kò le. Ẹ ó rán ìró kúkúrú kan, bí ìgbà tí ẹ̀ka igi bá dá, gba inú gbohùngbohùn náà kọjá, ẹ ó sì gba ohun tó bá jáde ní òdìkejì sílẹ̀. Ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, ohùn ẹnikẹ́ni tí ẹ bá gbé lé ohun tí ẹ gbà yẹn, á máa dún bí ẹni pé inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an ló wà, ẹ sì lè pín in fún gbogbo ayé.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò ní jẹ́ olè báyìí?"

Ó ní, "Ṣé mo ní kí o gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni? Ìró ni. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìró kiri. Ta ló ni afẹ́fẹ́?"

Ọ̀gá ẹni ni ọ̀gá ẹni. Mo ki ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré mi bọ inú báàgì, mo ní ẹ ṣé, sà.

*Òjò Yássà*

Òjò ló pàdé mi. A ti yà ní Yàúǹdé, nítorí náà Yássà ni a gbà wọ Dúálá, mo sì rò pé òjò náà máa dá kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Kò dá. Òjò ibẹ̀ kì í kánjú bíi tiwa. Ó ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ tutù, ó wúwo, ilé àti igi àti àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńsíkìn ń jáde láti inú rẹ̀ bí ohun tí ènìyàn ń rí lójú oorun. Ìwo ọkọ̀, ìrun tí wọ́n ń pè, orin ìjọ kan níbì kan, gbogbo rẹ̀ ń dé etí mi jẹ́jẹ́. Mo dúró lábẹ́ páánù kan, mo pa ojú dé, mo ń gbọ́. Iṣẹ́ ni kẹ̀. Àǹtí mi kò tíì dé.

Obìnrin kan ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítòsí mi, pẹ̀lú èso kan tó dúdú bí aró, tí wọ́n ń pè ní pùrúnù. Ó wò mí bí mo ṣe ń gbọ̀n, ó ní, "Àṣíyà, ma mère." Inú bí mi. Obìnrin tó jù mí lọ dáadáa, tó wá ń pè mí ní ìyá rẹ̀! Mo mójú kúrò. Kò ka ìwà burúkú mi sí, ó kàn na pùrúnù gbígbóná kan sí mi nínú bébà. Mo fi eyín kàn án, ó rọ̀, ó kan díẹ̀, òróró rẹ̀ gbà mí lẹ́nu. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye pé àpọ́nlé ni "ma mère" níbẹ̀, àti pé "àṣíyà" ni pẹ̀lẹ́ wọn. Ojú tì mí. Mo fẹ́ padà lọ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa ti rìn jìnnà.

*Mo kúnlẹ̀, wọ́n bá mi wá nǹkan nílẹ̀*

Alájì Kàmórù, ọkọ àǹtí mi, ń ránṣọ ní Marché Congo. Aṣọ ni gbogbo ọjà náà, láti òkè dé ilẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi kọ́ tó bo ojú ọ̀run pátápátá, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá ní pupa àti ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún káàkiri, ṣùgbọ́n aṣọ ń gbé ìró mì. Ènìyàn lè pariwo níbẹ̀ kí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì má gbọ́. Mo rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi òwú dí létí, ó sì dùn mọ́ mi.

Alájì mú mi lọ kí ìyá àgbà kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú, ọmọ ìlú ibẹ̀ ni. Mo ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́: mo kúnlẹ̀. Ìyá náà ké, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì kiri nílẹ̀. Ó rò pé mo ti sọ nǹkan nù! Èmi lórí eékún, ìyá lórí eékún, a jọ ń wo ilẹ̀. Àwọn tó wà nísọ̀ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí Alájì ṣàlàyé fún un lédè Faransé, ó dì mọ́ mi, ó sì ń pè mí ní ọmọ rẹ̀ títí mo fi kúrò nílùú náà.

Nílé, àǹtí mi gbé oúnjẹ wọn wá, ndolé. Ewúro ni, ewúro tiwa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ni wọ́n lọ̀ sí i! Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì dì tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ewé ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, míóńdò lorúkọ rẹ̀. Mo ní ta ló ń ṣe irú èyí sí ewúro, ẹ̀yin ènìyàn yìí? Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n tún bù sí i.

Ibi tí a ti ń jẹun ni mo ti sọ iṣẹ́ tí ọ̀gá mi rán mi. Alájì gbé míóńdò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Tí o bá rí ẹ̀wù tí mo rán lọ́rùn ènìyàn, tí o wò ó lọ, tí o dé ilé tí o fi orí ara rẹ rán tìrẹ, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá ọ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá ẹ̀wù mi, tó tú u lójú rírán, tó tẹ́ ẹ lé aṣọ tó gé e, tó tún un rán padà tó dá a padà fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín, kí lẹ máa pe ìyẹn?"

Àǹtí mi ní, "Alájì, ẹ̀wù tó wà lọ́rùn yín yìí ńkọ́? Ta ló ni sítáì rẹ̀?"

Alájì wo ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn, mo wò ó ni. Mi ò tú u."

"Ẹ wò ó dáadáa ni, àní bọ́tìnnì kan kò yẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí, ọ̀rọ̀ náà kò sì lójú mọ́. Mo lọ sùn pẹ̀lú òjò lórí páánù, mo ń rò ó pé ọ̀nà wo ni wíwò fi yàtọ̀ sí títú nígbà tó bá jẹ́ pé ìró lásán ni.

*Tiyín ni, Àǹtí*

Àdúgbò Ndógbọ́ng ni Ìsíáká, ọmọ tó ṣe Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ń gbé, lókè ilé kan tí obìnrin kan ti ń dín púfúpúfù nísàlẹ̀. Alájì mọ ìdílé rẹ̀, òun ló bá mi ránṣẹ́ sí i. Mo ti ń retí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe fújà. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sì dọ̀bálẹ̀ pátápátá lórí síméǹtì tó lọ́rinrin.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Yorùbá mi kò pọ̀, hein. Màmá mi ló máa ń sọ ọ́. Èmi, mo ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo."

Mo ní kò sí wàhálà, ẹnu ẹlòmíràn fúyẹ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àga, ó gbé máìkì síwájú mi, ó gbé ohun ìgbọ́rọ̀ bò mí létí. "Sọ nǹkan," ó ní. Mo gbójú sókè wò ó. "Pardon! Ẹ sọ nǹkan."

Mo ní, "Bìsìmìláì."

Ẹ̀yin ará ilé, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ohùn mi jáde lẹ́nu mi, ó ń rìn lọ. Ó gba ibì kan tó gùn tó sì tutù, ó kan ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún, ó kan ti òsì, bí ẹni pé wọ́n ń ṣí díẹ̀ tí wọ́n ń tì díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó dé ìpẹ̀kun, ó ń padà bọ̀, ó sì ti yí padà díẹ̀, ó ti dàgbà jù mí lọ. Mo tún sọ ọ́. Mo kọ orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbàgbé pé Ọ̀gá Rájí rán mi níṣẹ́.

Nígbà tí mo ṣíjú, mo ní, "Ó mà dára o! Ọlọ́run ló mọ bó ṣe dára tó!"

Ìsíáká gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹ̀ díẹ̀. "Tiyín ni, Àǹtí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìrun alásàárì. Ó ní òun ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí n máa gbọ́ ọ lọ, ilé mi ni. Ó sì lọ. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ níṣíṣí, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ níṣíṣí.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá lórí fóònù pé ọmọ náà ní tèmi ni. Èsì rẹ̀ dé kí n tó mí: "Alùbáríkà! Ó ti yọ̀ǹda nìyẹn. Mú un kíákíá." Mo fa ẹ̀rọ kékeré mi yọ. Mo ki wáyà bọ ojú rẹ̀. Ìró kúkúrú kan ló kù.

Èrò kan ló wá bọ́ sí mi lọ́kàn níbẹ̀. Bí a bá bá ènìyàn nídìí oúnjẹ nílé wa, kí ni á sọ? Á ní, "Ẹ wá jẹun o." Kí la máa dáhùn? A máa ní, "Á gba ibi ire." Ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé nìkan ló máa fa àga, tí á bu omi ṣanwọ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ wúwo fún Yorùbá yìí, níbo ló ti rí "tiyín ni" kọ́? Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ìwà náà ló kọ́kọ́ kọ́, èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ lé e ni. Ọ̀gá mi mọ èyí bí ẹní mowó, èmi náà mọ̀ ọ́n, a kàn fẹ́ ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀ ni.

Mo fa wáyà yọ.

*Ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà*

Ó dé pẹ̀lú àwo ẹ̀wà àti púfúpúfù. Púfúpúfù àti ẹ̀wà! Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó bára mu. Mo jẹ díẹ̀, mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, wáyà tí mo kì bọ ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀. Mo bi í pé, "Tí mo bá mú un lọ fún wọn nílé, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ó ní, "Ẹ má bi mí, Àǹtí. Àlejò ni yín. Màmá mi kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ 'rárá' fún àlejò."

Ó wá tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n gbọ́. "Bìsìmìláì" mi tún jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni, ó gùn bákan náà, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Kò sí ohun tó ń mira. Ohùn mi lọ, ó bọ̀, ó sì kú.

"Èyí, kì í ṣe tèmi," ó ní. "Ẹnì kan ló mú un báyẹn, ó pín in. Tèmi ń yí padà nígbà gbogbo, kò dúró. Tí ẹ bá mú un lẹ́ẹ̀kan, fọ́tò ni. Ṣùgbọ́n ó kọ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i lára, orúkọ tèmi. Àwọn ènìyàn wá ń kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ mi ti kú." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo pa á."

Mo bi í pé níbo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gan-an wà. Ó dìde, ó ní kí n máa bọ̀.

Kò jìnnà. Títì ńlá kan ni, pẹ̀lú gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ńsíkìn ń fò kọjá, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó dá mi dúró lẹ́bàá gọ́tà. Ó ní ibi tí mo dúró sí yìí ni ẹnu ọ̀nà ilé bàbá òun. Àwọn ayálégbé wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Yàrá ìyá òun wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ pupa yẹn dúró sí. Ìjọba fẹ́ la títì, wọ́n wó o. Kí wọ́n tó wó o, ó ti fi fóònù lásán gba ìró ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí tún un kọ́ padà, ní díẹ̀díẹ̀, fún ọdún púpọ̀.

"Ẹ pàtẹ́wọ́, Àǹtí."

Mo pàtẹ́wọ́. Kò sí ohun tó dá mi lóhùn.

Ìsíáká ní, "Màmá mi máa ń dúró lọ́hùn-ún, á pè mí: Ìsíáká o! Ohùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi. Ìgbà tó kú, mo wá ohùn rẹ̀ nínú fóònù, nínú gbogbo nǹkan. Kò sí. A ò gbà á sílẹ̀ rí. Mo kàn rí ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ ń gbà."

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò tijú láti sọ ọ́. Obìnrin kan tó ń kọjá wò mí, ó ní, "Àṣíyà, ma mère." Lọ́tẹ̀ yìí, mo dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mo máa padà, Ìsíáká wá dágbére. Ó ní, "On est ensemble," èyí tí wọ́n fi ń sọ níbẹ̀ pé a jọ wà. Kò béèrè ohun tí mo máa sọ nílé.

*Nílé Ọ̀gá*

Mo kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá Rájí. Ó ní, "Òun dà?" Mo ní, "Mi ò mú un, sà." Mo sọ ti ilẹ̀kùn títì fún un, mo sọ ti títì àti àtẹ́wọ́ tí mo pa. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa. Máa lọ." Láti ìgbà náà, tí mo bá kí i, kì í jẹ́ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yọ mí kúrò nínú gúrúùpù orí fóònù. Wọ́n ní mo ti di ará Dúálá. Ó dùn mí o, ẹ má rò pé kò dùn mí. Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo dá padà lófo.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá yìí ni ó ránṣẹ́ sí mi, pé kí n wá bá òun ní ilé bàbá òun. Ẹ mọ ilé náà, ilé alámọ̀ olọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń fẹ́ wó kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a tó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn tútù yẹn, ó ti gbé máìkì nàró, bàlúùnù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò wo ojú mi. Ó na bàlúùnù náà sí mi. "Bá mi fẹ́ ẹ. Èémí mi kò gbé e mọ́."

Mo fẹ́ ẹ títí ó fi wú. Ó gbà á, ó lé àwọn adìyẹ síta, ó ní kí n má mira. Ó wá fi abẹ́rẹ́ gún un, ìró kúkúrú tí a fi ń mú gbohùngbohùn nìyẹn.

Ìró náà fò lọ. Ó gba iwájú yàrá bàbá rẹ̀, ó gba iwájú yàrá àwọn ìyálé àti ìyàwó tí wọ́n ti kú tipẹ́, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì yí padà, ó ń bọ̀.

Ọ̀gá ṣí fìlà. "Bàbá mi nìyẹn," ó ní. Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ó gbé ìka sókè kíákíá pé kí n dákẹ́, kò tíì tán.